Akéwì fèsì ní ìlà mẹ́ta péré: ṣé ó lé mi dànù ni?

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. Agùnbánirọ̀ ni mí. Ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní ìgbèríko ni wọ́n pín mi sí, níbi tí ohunkóhun kì í ti í ṣẹlẹ̀, ìṣirò ni mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ. Láti kékeré ni mo ti ń kọ ewì. Láìpẹ́ yìí, mo ṣa méjìlá jọ, mo fi wọ́n ránṣẹ́ sí akéwì kan tí mo fẹ́ràn gidigidi. Mo ní kí wọ́n bá mi wò ó bóyá ó dára, kí wọ́n sì sọ fún mi bóyá kí n máa bá a lọ tàbí kí n gbájú mọ́ iṣẹ́ tí mo kọ́. Ó pẹ́ kí wọ́n tó fèsì, èsì náà kò sì ju ìlà mẹ́ta lọ: 'Mo ti ka ewì rẹ. Èyí tí o kọ nípa ìyá rẹ àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á. Máa kọ ọ́ lọ.' Mo gbé e sí státọ́ọ̀sì WhatsApp mi, àwọn ọ̀rẹ́ mi ní ńṣe ni wọ́n fọgbọ́n lé mi dànù. Ṣé òótọ́ ni, Mà? Ṣé kí n tún kọ̀wé sí wọn? Kí ni ènìyàn lè retí lọ́wọ́ akéwì tí kò mọ̀ ọ́n rí? Mo fi àwọn ewì náà mọ́ lẹ́tà yìí kí ẹ̀yin náà lè rí wọn."

Àbúrò mi, mo ka lẹ́tà rẹ, mo sì ka ewì méjèèjìlá. Kí n kọ́kọ́ fi ọkàn rẹ balẹ̀: wọn kò lé ọ dànù. Wọ́n ka iṣẹ́ rẹ dáadáa, wọ́n sì fi ìka tọ́ka sí ibi tí ewì wà nínú rẹ̀. Ohun tó jẹ́ kó dà bíi pé wọn kò dá ọ lóhùn ni pé o ní kí wọ́n ṣe ìdájọ́, wọn kò sì ṣe é. Èmi náà kò ní ṣe é. Lẹ́tà tí àwọn akéwì àti àwọn tó fẹ́ràn iṣẹ́ wọn ń kọ síra wọn wà lára ohun tí mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó sì máa ń dùn mí bí ọ̀dọ́ kan bá gba ẹ̀bùn tán tí kò mọ̀ pé ẹ̀bùn ni. Torí náà, fara balẹ̀ gbọ́ mi.

Ọ̀rọ̀ bíi tìrẹ tó lókìkí jù lọ bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ Austria ní ọdún 1902. Franz Xaver Kappus ni orúkọ ọ̀dọ́mọkùnrin náà, kò tíì pé ọmọ ogún ọdún, ó sì wà ní ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọ̀gá ológun ní ìlú Wiener Neustadt. Lọ́jọ́ kan, ó jókòó sábẹ́ àwọn igi àtayébáyé tó wà nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ náà, ó ń ka ìwé ewì kan. Ìwé náà gbà á lọ́kàn débi pé kò mọ ìgbà tí ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ wọn, àlùfáà kan tó ń jẹ́ Horaček, dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àlùfáà gba ìwé náà, ó wo orúkọ tó wà lára èèpo rẹ̀: Rainer Maria Rilke. Ó mi orí, ó ní, àṣé Rilke ọmọ ilé-ìwé wa ti di akéwì!

Ní nǹkan bí ọdún 15 ṣáájú, àlùfáà yìí ti wà ní ilé-ẹ̀kọ́ ológun mìíràn, ní Sankt Pölten, níbi tí àwọn òbí Rilke mú un lọ kí ó lè di sọ́jà. Ó rántí ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ọlọ́gbọ́n ọmọ tó máa ń dá wà, tó sì ń fi sùúrù fara da ìnira ibẹ̀, títí ara rẹ̀ kò fi gbà á mọ́ tí wọ́n sì mú un kúrò. Kappus gbọ́ ìtàn yìí, ó wọ̀ ọ́ lára. Òun náà wà lẹ́nu ọ̀nà iṣẹ́ tí ọkàn rẹ̀ kò fẹ́ rárá. Lójú ẹsẹ̀ ló pinnu pé òun yóò kó ewì òun ránṣẹ́ sí ọkùnrin yìí, kí ó bá òun wò ó.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí èsì tó dé. Òǹtẹ̀ Paris ló wà lára rẹ̀, ìda aláwọ̀ búlúù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ pa, ọjọ́ 17 oṣù kejì ọdún 1903 ni wọ́n sì kọ ọ́. Ìgbà tí mo bá sọ ìtàn yìí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, wọ́n máa ń rò pé àgbàlagbà arúgbó kan ló jókòó tó ń fún ọmọdé nímọ̀ràn. Ẹni ọdún 27 ni Rilke nígbà náà. Ó ní ìyàwó, ó ní ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé díẹ̀ ní ọmọ ọdún kan, ọmọ náà wà lọ́dọ̀ àwọn òbí ìyàwó rẹ̀ nítorí pé kò sówó. Ìwé nípa Rodin, ọ̀gbẹ́gilére ilẹ̀ Faransé, ló gbé e lọ sí Paris.

Ìbéèrè Kappus àti tìrẹ, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Rilke kọ̀, kò dáhùn rẹ̀. Ó ní, ò ń bi mí bóyá ewì rẹ dára. O ti bi àwọn ẹlòmíràn kí o tó bi mí. Ò ń fi í ránṣẹ́ sí àwọn ìwé ìròyìn, ò ń fi í wé ewì ẹlòmíràn, ọkàn rẹ sì ń dàrú bí àwọn olóòtú bá dá a padà. Ó bẹ̀ ẹ́ kí ó jáwọ́ nínú gbogbo rẹ̀. Ó ní kò sí ẹnikẹ́ni tó lè gbà á nímọ̀ràn lórí ìyẹn. Kí ó bi ara rẹ̀ ní òru, ní wákàtí tí ohun gbogbo bá dákẹ́ jù lọ, bóyá ó di dandan fún òun láti kọ̀wé. Bí ó bá jẹ́ dandan, kí ó kọ́ ayé rẹ̀ lé e lórí.

Ibẹ̀ yẹn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń ti ìwé tí wọ́n kó àwọn lẹ́tà Rilke yìí sí pa, wọ́n á ní ọ̀rọ̀ ńlá ni. Ọ̀rọ̀ ńlá ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìpínrọ̀ tó ṣáájú rẹ̀ ni èmi máa ń ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi padà sí. Níbẹ̀, Rilke sọ fún Kappus láìfi bò pé ewì rẹ̀ kò tíì ní ohùn tirẹ̀. Ó wá fi kún un pé ohun kan ń yọjú níbẹ̀, pé òun rí i jù nínú ewì tó gbẹ̀yìn, èyí tí Kappus pè ní "Ọkàn Mi". Ó tún dárúkọ òmíràn tí ó kọ sí Leopardi, akéwì ilẹ̀ Ítálì. Nínú gbogbo ohun tí ọmọ náà kó ránṣẹ́, méjì ló dárúkọ. Ó kó gbogbo rẹ̀ padà fún ẹni tó ni ín.

O rí i báyìí? Méjìlá ni o fi ránṣẹ́, wọ́n fa ẹyọ kan yọ, wọ́n dárúkọ rẹ̀, wọ́n sì sọ iye ìgbà tí wọ́n kà á. Jẹ́ kí a gbé díẹ̀ nínú rẹ̀ síta kí a jọ wò ó. Èyí wà nínú ewì rẹ kejì:

Olólùfẹ́ mi, ìràwọ̀ òwúrọ̀,
òṣùpá tó ń tàn ju àtùpà lọ,
bí n kò bá rí ọ, oorun kì í wá.

Èyí sì wà nínú èyí tí wọ́n kà lẹ́ẹ̀mejì:

Bẹntiróòlù ń rùn lára aṣọ ìyá mi,
ata ta sí i lójú, kò dúró nù ún,
ìyàwó tíṣà ń retí ṣénjì àádọ́ta náírà.

Ewì ìfẹ́ yẹn ń lọ geere, n kò rí àléébù kan pàtó tí mo lè nà ní pàṣán. Ṣùgbọ́n bí mo bá pa orúkọ rẹ rẹ́ lókè rẹ̀ tí mo kọ tẹlòmíràn síbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ewì ata ńkọ́? Ẹni tó ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ yẹn nìkan ló lè kọ ọ́. O kò sọ pé ìyá rẹ ń ṣiṣẹ́ bí ẹrú, o kò sọ pé o nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, o kò tilẹ̀ dárúkọ ariwo ẹ̀rọ náà, síbẹ̀ mo gbọ́ ọ, nítorí pé obìnrin méjì ló dúró níbẹ̀ tí wọn kò bára wọn sọ̀rọ̀. Ìlà kẹta yẹn ló mú mi jù. Ṣénjì àádọ́ta náírà ló gba ọwọ́ tí ìyá rẹ ì bá fi nu ojú. Akéwì yẹn rí i. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi padà kà á.

Mẹ́sàn-án nínú ewì rẹ ló jẹ́ ewì ìfẹ́. Rilke kìlọ̀ fún Kappus nípa irú èyí nínú lẹ́tà àkọ́kọ́ yẹn: kí ó má kọ ewì ìfẹ́ ná, òun ló ṣòro jù, nítorí pé iṣẹ́ rere tí àwọn tó ṣáájú ti ṣe síbẹ̀ pọ̀ jù, agbára ńlá ló sì gbà kí ènìyàn tó lè rí tirẹ̀ fi kún un. Lédè tiwa ọ̀rọ̀ náà tún le sí i. Láti orí oríkì títí dé orí orin tí rédíò ń gbé jáde lálaalẹ́, ẹni tó ti fi òṣùpá yin olólùfẹ́ ṣáájú rẹ kò lóǹkà. O lè padà síbẹ̀ lọ́jọ́ iwájú. Ní báyìí, ohun tó wà ní àyíká rẹ lójoojúmọ́ ni kí o máa kọ.

O ní ohunkóhun kì í ṣẹlẹ̀ ní ibi tí wọ́n pín ọ sí. Rilke ní èsì fún ìyẹn náà. Ó ní bí ayé ojoojúmọ́ rẹ bá dà bí òtòṣì lójú rẹ, má bínú sí i, bínú sí ara rẹ pé o kò tíì tó akéwì tó lè pe ọrọ̀ rẹ̀ jáde. Ó ní bí o bá tilẹ̀ wà lẹ́wọ̀n tí ògiri kò jẹ́ kí ariwo ayé dé etí rẹ, ṣé ìgbà ọmọdé rẹ kò ṣì wà níbẹ̀? Ẹni tó lo ìgbà ọmọdé tirẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ ológun tó kórìíra ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Torí náà, wo kíláàsì rẹ. Àwọn ọmọ tí ń ṣírò nǹkan ní tábìlì ọjà kí wọ́n tó wá bá ọ ní kíláàsì, tí o wá ń kọ́ ní ìṣirò tí wọ́n ti mọ̀ lọ́nà mìíràn, ṣé ìyẹn kì í ṣe ewì?

Ó ku ohun kan tí àwọn ènìyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ nípa Kappus, òun ló sì kàn ọ́ jù bí o bá fẹ́ tún kọ̀wé. Kí ló dé tí Rilke tún kọ̀wé sí i lẹ́yìn ti àkọ́kọ́? Lẹ́tà mẹ́wàá la mọ̀. Ọ̀kan tún ti Paris wá, méjì wá láti Viareggio létí òkun Ítálì, ọ̀kan láti Worpswede nílẹ̀ Jámánì, mẹ́ta láti Róòmù, méjì láti Sweden. Kì í ṣe ẹwà ewì Kappus ló fà á. Kappus fúnra rẹ̀ sọ nígbà tó dàgbà pé lẹ́tà tí òun fi ṣáájú àwọn ewì yẹn, òun tú ọkàn òun palẹ̀ sínú rẹ̀ dé ibi tí òun kò tú u dé fún ẹnikẹ́ni rí, tí òun kò sì tún tú u dé lẹ́yìn náà. Ó sọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Ó sọ ìbànújẹ́ rẹ̀ àti iyèméjì rẹ̀. Akéwì rí ènìyàn nínú lẹ́tà náà, ènìyàn yẹn ló sì ń dá lóhùn.

Lẹ́tà tí ìwọ fi ṣáájú ewì rẹ, o fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ìpínrọ̀ mẹ́rin ni, ìyìn ló sì kún mẹ́ta nínú rẹ̀: àwọn ìyá ewì, ọba akéwì, ẹni tí kò lẹ́gbẹ́. Àpọ́nlé dára, ilé tí a ti kọ́ ọ kọ́ ọ dáadáa. Ṣùgbọ́n kò sí ibì kan tí o ti dárúkọ ewì wọn kan pàtó, kí o sọ ohun tí ó ṣe sí ọ, níbi tí o wà nígbà tí o kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ìwọ fúnra rẹ kò sí nínú rẹ̀. Inú ewì ata ni wọ́n ti kọ́kọ́ pàdé rẹ.

Nípa ohun tí o lè retí lọ́wọ́ wọn, wo bí Rilke ṣe ṣe tirẹ̀. Lẹ́tà kejì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àforíjì: ara rẹ̀ kò yá, ó ṣòro fún un láti mú kálàmù. Lẹ́tà kan tí Kappus kọ ní ìparí oṣù kẹjọ ọdún 1903, ìparí oṣù kẹwàá ni Rilke tó fèsì rẹ̀ láti Róòmù. Nígbà tí Kappus fẹ́ ka àwọn ìwé rẹ̀, Rilke kọ̀wé padà pé òtòṣì ni òun, pé bí ìwé òun bá ti jáde, kì í ṣe tòun mọ́, òun kò lè rà á. Ó kọ orúkọ wọn sórí ìwé pélébé kan fún un, kí ó fúnra rẹ̀ rà wọ́n bí ọwọ́ rẹ̀ bá tó o. Nínú ọ̀kan nínú àwọn lẹ́tà tó ti Sweden wá, ó sọ gbólóhùn kan tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń kọ̀wé sí akéwì mọ̀: kí Kappus má rò pé ẹni tó ń tù ú nínú yìí ń gbé nínú ìrọ̀rùn láàárín ọ̀rọ̀ dídùn wọ̀nyẹn, nítorí ìnira àti ìbànújẹ́ pọ̀ nínú ayé tirẹ̀ náà, bí kò bá sì rí bẹ́ẹ̀, kì bá tí rí ọ̀rọ̀ náà sọ.

Akéwì tí o kọ̀wé sí ní iṣẹ́, wọ́n ní ẹbí, àwọn bíi tìrẹ tó ń fi ewì ránṣẹ́ sí wọn lórí fóònù kò sì mọ níwọ̀n. Wọn kò jẹ ọ́ ní èsì. Bí wọ́n bá fèsì, ohun tí o lè retí ni pé kí wọ́n kà á pẹ̀lú ojú tó mọ ewì, kí wọ́n sì sọ ohun kan tó jẹ́ òótọ́. O rí méjèèjì gbà.

Ìdájọ́ ni kí o má retí, nítorí pé ẹni tó mòye náà lè ṣì í. Ní oṣù kẹrin ọdún 1862, Thomas Wentworth Higginson kọ àpilẹ̀kọ kan sínú ìwé ìròyìn The Atlantic Monthly nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ìmọ̀ràn fún àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ di òǹkọ̀wé. Ènìyàn gidi ni Higginson. Ó ti ṣe pásítọ̀ rí, ó jà fún ìdásílẹ̀ àwọn ẹrú, kí ọdún yẹn sì tó parí ó ti di kọ́nẹ́ẹ̀lì ẹgbẹ́ ọmọ ogun àwọn adúláwọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lóko ẹrú ní South Carolina. Lẹ́yìn àpilẹ̀kọ yẹn, lẹ́tà kan tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ láti ìlú Amherst, ìpínlẹ̀ Massachusetts. Kò sí orúkọ nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ fi léèdì kọ orúkọ rẹ̀ sórí káàdì kékeré, ó fi káàdì náà sínú àpòòwé tirẹ̀ lọ́tọ̀, ó sì kó ewì mẹ́rin mọ́ ọn. Emily Dickinson ni, ẹni ọdún 31, ẹni tí a kà sí ọ̀kan nínú àwọn akéwì ńlá ilẹ̀ Amẹ́ríkà lónìí. Ó bi Higginson bóyá ọwọ́ rẹ̀ kò dí jù láti sọ fún òun bóyá ewì òun wà láàyè.

Inú mi máa ń dùn sí ìbéèrè yẹn. Ó sàn ju "ṣé ó dára" lọ fíìfíì, nítorí pé òǹkàwé lè dáhùn rẹ̀ láìjẹ́ adájọ́: ó mí tàbí kò mí.

Higginson rí i pé ohun àràmàǹdà kan ló wà lọ́wọ́ òun, ṣùgbọ́n ìlù ewì náà kò bá etí rẹ̀ mu, àmì ìdánudúró rẹ̀ kò bá ti ilé-ìwé mu. Ó ní kí ó tún wọn ṣe, ó sì gbà á nímọ̀ràn pé kí ó má tíì tẹ̀ wọ́n jáde. Obìnrin náà dúpẹ́, ó ní iṣẹ́ abẹ náà kò dun òun tó bí òun ti rò. Ó bẹ̀ ẹ́ kí ó jẹ́ olùkọ́ òun, ó ń pe ara rẹ̀ ní akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ó sì ń kọ̀wé sí i títí dé ọdún 1886 tí ó kú. Kò sì yí ewì rẹ̀ padà sí bí Higginson ṣe fẹ́ ẹ. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni wọ́n rí i pé ewì tó fi sílẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,800. Higginson wà lára àwọn méjì tó ṣe olóòtú ìwé àkọ́kọ́ tí wọ́n kó jáde nínú wọn ní ọdún 1890. Ohun tí obìnrin náà kọ̀ láti tún ṣe nígbà ayé rẹ̀, wọ́n bá a tún un ṣe lẹ́yìn tó lọ, ó sì gba ọ̀pọ̀ ọdún kí àwọn ọ̀mọ̀wé tó dá a padà sí bí ó ti kọ ọ́. Síbẹ̀, n kò lè sọ pé lẹ́tà wọ̀nyẹn já sí asán. Fún ọdún tó lé ní ogún, ẹnì kan wà lóde tó mọ̀ pé ó ń kọ̀wé, tó ń kà á, tó sì ń dá a lóhùn. Ó ti Amherst kọ̀wé sí i nígbà kan pé ó gba ẹ̀mí òun là. Ọwọ́ rere ni Higginson fi dì í mú, bó tilẹ̀ ṣì í nínú ìdájọ́.

Àwọn kan wà tí wọn kò kọ lẹ́tà rárá. Langston Hughes, akéwì adúláwọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ń palẹ̀ àwo mọ́ ní òtẹ́ẹ̀lì Wardman Park ní Washington ní ọdún 1925 nígbà tí akéwì Vachel Lindsay wá jẹun níbẹ̀. Hughes fi ewì mẹ́ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo rẹ̀, ó ní òun fẹ́ràn ewì rẹ̀, ó sì yára kúrò níbẹ̀ nítorí ojú ń tì í. Lálẹ́ ọjọ́ náà, Lindsay ka ewì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún àwọn tó wá gbọ́ tirẹ̀. Kí ó tó kúrò nílùú, ó fi ìwé sílẹ̀ fún Hughes, ìtàn ìgbésí ayé Keats, akéwì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì kọ ọ̀rọ̀ sínú rẹ̀: kí ó má jẹ́ kí àwọn tó fẹ́ sọ ọ́ di ìran wíwò gbé e sáré, kí ó fara pamọ́, kí ó máa kọ, kí ó máa kẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí Hughes náà dàgbà, ìwé ìròyìn Drum ní South Africa ní kí ó bá àwọn ṣe adájọ́ ìdíje ìtàn kúkúrú, láti ibẹ̀ ni òun àti àwọn ọ̀dọ́ òǹkọ̀wé ilẹ̀ Áfíríkà ti ń kọ̀wé síra wọn, Ezekiel Mphahlele àti Richard Rive wà lára wọn. Ó kó iṣẹ́ àwọn ọmọ Áfíríkà jọ sínú ìwé kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1960. Mo sọ èyí kí o lè mọ̀ pé akéwì mìíràn á ṣílẹ̀kùn fún ọ, òmíràn á kọ ìlà mẹ́ta. Ohun tí agbára kálukú gbé ló ń ṣe.

Bẹ́ẹ̀ ni, tún kọ̀wé sí wọn. Má tíì ṣe é lónìí. Kọ́kọ́ dúpẹ́ ní ìlà kan, má bi wọ́n ní ohunkóhun. Lẹ́yìn náà, ṣe ohun tí Rilke ṣe fún Kappus ní oṣù karùn-ún ọdún 1904. Kappus ti fi ewì onílà mẹ́rìnlá kan ránṣẹ́ sí i. Rilke kò kọ àríwísí. Ó jókòó, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ da ewì náà kọ, ó sì fi àdàkọ náà ránṣẹ́ padà sí ẹni tó kọ ọ́. Ó ní ó ṣe pàtàkì kí ènìyàn tún bá iṣẹ́ ara rẹ̀ pàdé nínú ọwọ́ ìkọ̀wé ẹlòmíràn, kí ó kà á bí ẹni tí kò rí i rí.

Ewì tìrẹ, ohùn ni wọ́n máa fi gbé e, torí náà ohùn ni kí o fi dán an wò. Mú méjì nínú àwọn ọmọ kíláàsì rẹ tí wọ́n mọ Yorùbá kà dáadáa. Fún wọn ní ewì ata, kí wọ́n kà á sókè láìjẹ́ pé ìwọ kọ́kọ́ kà á fún wọn. Gbé fóònù sílẹ̀ kí o gba ohùn wọn. Ibi tí ọmọ bá ti kọsẹ̀, fàmì sí i. Ibi tí ó bá ti yára kọjá nítorí pé ó ti mọ ohun tó ń bọ̀, fàmì sí i pẹ̀lú, ibẹ̀ lọ́rọ̀ ti kú. Ìlà kan wà ní ìsàlẹ̀ ewì náà tí o ti kọ "ìyá ni wúrà iyebíye". Fi etí sílẹ̀ kí o gbọ́ bí àwọn ọmọ á ṣe jọ pariwo ìyẹn láìwo ìwé. Yọ ọ́.

Ìgbà tí o bá ti kọ òmíràn tó dé ibi tí ewì ata dé, fi ẹyọ kan ṣoṣo yẹn ránṣẹ́ sí akéwì náà. Sọ ibi tí o ti kọ ọ́, sọ ohun tí kò tíì yé ọ nínú rẹ̀. Dárúkọ ewì tiwọn kan tó bá ọ dé ìgbèríko yẹn. Bí wọn kò bá fèsì, má lépa wọn.

Nípa iṣẹ́, má fi ìṣirò sílẹ̀ nítorí lẹ́tà ẹnikẹ́ni. Lẹ́tà tí Rilke kọ kẹ́yìn sí Kappus, ní ọjọ́ kejì Kérésìmesì ọdún 1908, inú rẹ̀ dùn sí iṣẹ́ ológun tí ọmọ náà ń ṣe, ó ní irú ayé tó dúró ṣinṣin bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ ibi tí ènìyàn á ti mọ ara rẹ̀ ju inú àwọn iṣẹ́ tí wọ́n ń pe ara wọn ní ti ọlọ́nà lọ. Kappus padà di oníròyìn, ó kọ ìtàn àròsọ. Kò di akéwì ńlá, mi ò sì gbà pé èyí dín iyì lẹ́tà mẹ́wàá yẹn kù.

Ó ku ọ̀rọ̀ státọ́ọ̀sì. Rilke kú ní oṣù kejìlá ọdún 1926, ó sì ti kọ ọ́ sínú ìwé ìhágún rẹ̀ ní ọdún 1925 pé wọ́n lè tẹ àwọn lẹ́tà òun jáde, nítorí pé apá kan nínú agbára ìṣẹ̀dá òun ni òun ń fi kọ wọ́n. Ọdún 1929 ni Kappus tó gbé mẹ́wàá tirẹ̀ síta, kò fi ọ̀kan nínú èyí tí òun kọ mọ́ ọn. Ọdún 2019 ni wọ́n tó tẹ àwọn yẹn jáde ní Jámánì. Akéwì tí o kọ̀wé sí ṣì wà láàyè, ìwọ ni wọ́n sì kọ ìlà mẹ́ta yẹn sí. Yọ ọ́ kúrò níbẹ̀ lálẹ́ òní, kí o sì fi ìlà kan tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn nígbà tí o bá ń dúpẹ́.